Ẹsẹ̀ Tí O Rí Lórí Fóònù Yẹn, Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Ni

Yeoville, Johannesburg

Àníkẹ́ mi, ọmọ tó ju ọmọ lọ,

Bí o bá ṣì wà nínú aṣọ iṣẹ́, kọ́kọ́ bọ́ ọ ná. Bí o kò bá tíì jẹun, jẹun. Lẹ́yìn náà, jókòó, kí o ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó gbé fóònù. Mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Tí mo bá pè ọ́, mi ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wàá ti dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, tí mo sì fi rán Dìákónì wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Kimberley.

Ọmọ mi, mo ti lọ́kọ.

Mo tún un kọ, kí o má baà rò pé bírò mi ló ṣìnà: èmi ìyá rẹ, tí mo ti ń dá sùn láti ìgbà tí o wà ní ìwé kẹrin, mo ti lọ́kọ. A ti fọwọ́ síwèé níwájú ìjọba. Òrùka wà níka mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ń wò ó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì-méjì bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí àwọn oníbàárà fi ń bi mí pé ṣé wọ́n ti fún mi ní ìwé ìgbélùú ni. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, kí òtútù tó mú. Mo wọ aṣọ búlúù tí mo fọwọ́ ara mi rán, Màmá Bọ̀sẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló jẹ́rìí sí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ jẹ adìyẹ ní Newtown. A jókòó síta nínú oòrùn, ọkọ mi ń ya ẹran fún mi bí ẹni pé mi ò léyín. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Kúnlé àbúrò rẹ wà ní Fourways níbí, kò mọ̀. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín pé mo fi pamọ́. Ohun tí mo rò ni pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù ńlá, kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ fìdí mọ́lẹ̀ ná, kí n wá fi ọkọ mi hàn ọ́ lójúkojú, pẹ̀lú oúnjẹ lórí tábìlì. Mo ń sún un síwájú, mo ń sún un síwájú, títí ọ̀rọ̀ fi yíwọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọláníyì lorúkọ rẹ̀, ará Iléṣà ni. O ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n “Tíṣà mọ́tò” ni mo máa ń pè é. Òun ni mo ń san owó fún pé kó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ọjọ́ kìíní tó gbé mi jókòó sídìí ọkọ̀, a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan lẹ́bàá Rockey Street, robot, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, pọ́n níwájú wa, mo pariwo orúkọ Jésù, mo sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Òun ló fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bírékì, torí ọkọ̀ àwọn tíṣà mọ́tò ní bírékì kejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tiwọn. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Màmá Dókítà, Olúwa ti gbọ́. Ó ní kí ẹ tẹ bírékì.” Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀, bí mo tilẹ̀ bú u dé ilé lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, gbọ́ èyí tó gba kí n kọ̀wé.

Nígbà tí òtútù le gan-an, ó na ẹsẹ̀ sídìí hítà ní pálọ̀, ó ń sọ fún mi nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó wakọ̀ wọ inú ọgbà òdòdó olódòdó tó sì ń bẹ ìyá onílé pé kó jọ̀ọ́ kó ṣí gééètì kí òun lè gba ẹ̀yìn jáde. Mò ń rẹ́rìn-ín. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ oníbàárà, mo sáré lọ wò ó, kò gbóná. Nígbà tí mo yíjú padà, ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi ló ń rú èéfín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Kò mọ nǹkan kan lára. Ìwọ á ti mọ ohun tó jẹ́ kí o tó dé òpin ìlà yìí: àtọ̀gbẹ ti ń jẹ ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. A mọ̀ pé ó ní ṣúgà, a ò mọ̀ pé ó ti dé ẹsẹ̀. A fi òróró pa á, a fi aṣọ wé e. Nígbà tí a fi máa dé klínìkì, egbò ti jin, nígbà tó sì ṣe, ìka méjì dúdú bí èédú.

Mo ya á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń fi tàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni gbogbo Yeoville ti ń gbé inú rírun àti ẹ̀yìn dídùn wá síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi pé kí n bá wọn bi ọmọ mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, “Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.” Ojú ń tì mí láti sọ pé ọkọ mi ni, nígbà tí o kò tíì mọ̀ pé mo lọ́kọ.

Kò pẹ́ tí o fi fi ohùn ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ohùn rẹ jáde ketekete:

“Mọ́mì, ẹsẹ̀ yẹn ti kú. Kí wọ́n gé e kíá kó tó pa á. Eish, àwọn bàbá wọ̀nyí, wọ́n á jẹ gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n má jẹ, wọ́n á wá gbé ẹsẹ̀ jíjẹrà wá bá wa. Tó bá níyàwó, ẹ bá mi kí i kú oríire, ó ti di nọ́ọ̀sì láìkàwé. Aláìsàn ń dúró dè mí, ó dàbọ̀.”

Ọkọ mi wo fóònù náà, ó bi mí pé, “Ṣé dókítà wa nìyẹn?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó ní, “Ohùn rẹ̀ jọ tìẹ.” Ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà kúrò lórí ìrọ̀rí, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Láti ọjọ́ náà, èmi tí mò ń wẹ egbò náà fún un tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ kí n rí i mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wé e.

Mo gbìyànjú láti gbè ọ́ lẹ́yìn. Mo ní, “Ó rẹ ọmọ náà ni. Iṣẹ́ wọn pọ̀.” Ó ní, “Ó máa ń rẹ èmi náà. Mi ò tíì torí ẹ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan pé ọwọ́ rẹ̀ ti kú.”

Mi ò kọ èyí kí o lè sunkún. Bí o bá sunkún tán, nu ojú, ká tẹ̀ síwájú, torí àkókò ò sí. Mo fẹ́ sọ àwọn ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o wọ ẹ̀wù funfun, tí mo kàn ń ya fọ́tò kiri.

Èkíní, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀yà ara hàn ọ́, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ ìránṣọ ní Ìkìrun, ọmọbìnrin kan tó ń ṣègbéyàwó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Ọ̀gá mi ní kí n dúró kó wá kí n wọ̀n ọ́n. Mo ní ojú mi tó, mo gé aṣọ. Ejìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ látìgbà èwe, ó sì mọ bí ó ṣe ń dúró kí fọ́tò má baà mú un. Ọjọ́ tó wá wọ aṣọ náà, ó wo ara rẹ̀ nínú díńgí, kò bú mi, ó kàn ní, “Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi.” Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àníkẹ́, aṣọ ṣeé tú, ó ṣeé tún rán. Ohun tí ẹ̀yin ń gé kì í padà.

Mo mọ̀ pé àríyànjiyàn wà láàárín ẹ̀yin dókítà lórí ọ̀rọ̀ fóònù yìí. O ti sọ fún mi rí pé àwọn àgbà kan níbi iṣẹ́ rẹ ní ọwọ́ gbọ́dọ̀ kan ara kí ẹnu tó sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ní fóònù ń gba àwọn tó wà lóko là. Ìwọ fúnra rẹ sọ ìtàn ìyá tó wà lọ́nà jíjìn, tí ẹ tọ́ sọ́nà lórí fóònù títí ọmọ ìkókó rẹ̀ fi mí dáadáa. Mi ò bá fóònù jà. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn, ó mọ̀ pé ẹ ń bá òun sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ó ń gbọ́. Èmi ni mo fi ọkọ mi pamọ́ sẹ́yìn “ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì”, mo gba ẹ̀bi tèmi. Láti òní lọ, mi ò ní fi ara ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí ọ mọ́. Ẹni tí ara ń dùn, kó lọ sí klínìkì. Mo ti sọ fún Màmá Bọ̀sẹ̀, ó bínú, ó ní mo fẹ́ dá ni dókítà. Kó máa bínú.

Èkejì, ẹni tó ni àìsàn ló ni ìròyìn rẹ̀. Èyí ló ṣòro jù fún mi láti kọ. Nígbà tí bàbá rẹ ń ṣàìsàn, kí a tó kó wá síbí, dókítà pe èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ fún wa pé kò ní pẹ́ láyé mọ́. Àwa méjèèjì ló bẹ dókítà pé kó má sọ fún un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà náà, a sì gbà pé ìfẹ́ ni. Bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀ páànù tó máa fi kan ilé, mò ń dá a lóhùn, mò ń sọ àwọ̀ tí mo fẹ́ kí páànù náà jẹ́. Ó ní, “Kí ló dé tí o ń wò mí báyẹn?” Mo ní ekuru ló wọ̀ mí lójú. Ó lọ láìdágbére fún ìwọ àti Kúnlé, torí kò mọ̀ pé ọjọ́ ìdágbére ló wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ronú pé bóyá ó mọ̀, tó ń bò ó fún wa bí a ṣe ń bò ó fún un.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀yin dókítà òde òní bá ní aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, tí àwọn àgbààgbà wa bá ní ìwà ìkà ni, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Ṣùgbọ́n sísọ yàtọ̀ sí jíjù. A kì í ka ìka ẹsẹ̀ lójú oníka mẹ́sàn-án. Òwe yẹn ò ní kí a purọ́ fún un pé ìka rẹ̀ pé. Ohun tó ní ni pé kí a má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kẹta kúrú. Má ṣe pariwo mọ́ ẹni tó ń mu àgbo. Nọ́ọ̀sì kan ní klínìkì pariwo mọ́ ọkọ mi lọ́dún tó kọjá pé ewúro àti èèpo igi ló máa pa á. Kò jáwọ́. Ó kàn jáwọ́ nínú sísọ ọ́ ni, ó ń dà á pọ̀ mọ́ oògùn wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí tí ṣúgà rẹ̀ fi ń lọ sókè sódò. Ẹni tí o bá dójú tì kò ní sọ òótọ́ fún ọ mọ́, òótọ́ rẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ.

Ẹ̀kẹrin, bí dókítà méjì kò bá gbà fún ara wọn, kí ni kí aláìsàn ṣe? Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá sí yàrá kan ní ọsibítù. Dókítà méjì ló wà níbẹ̀. Àgbà inú wọn jẹ́ obìnrin, irun rẹ̀ ti funfun. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, kò lè fi púpọ̀ jù ọ́ lọ. Obìnrin náà ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, kó parí síbẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un. Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n gé ìka fún, tí wọ́n tún padà wá gé ẹsẹ̀, tí wọ́n tún padà wá gé itan, tí okun wọn sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró títí ó fi parí. Òun ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà tín-ín-rín la iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀, ìka méjì yẹn nìkan ni wọ́n á mú kúrò.

Ó ní, “Ó lè má ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ibi tí ọ̀gá mi wà yìí náà la máa padà sí, a ó sì ti pàdánù ọjọ́ díẹ̀.”

Obìnrin náà ní, “Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.”

Kò sí ìkankan nínú wọn tó fi èkejì ṣẹ̀sín. Èyí wú mi lórí, mo fẹ́ kí o mú un lò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Sọ ohun tí o mọ̀, sọ ohun tí o kò mọ̀, kí o má sì ba ẹlẹgbẹ́ rẹ jẹ́ lójú ẹni tó máa sùn sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ọkọ mi wá bi wọ́n pé, “Tó bá jẹ́ bàbá yín ló ni ẹsẹ̀ yìí ńkọ́?”

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, “Màá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbìyànjú.”

Obìnrin náà nawọ́ sí mi. Ó ní, “Màá fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ibi tí ìyàwó yín jókòó sí yìí ni èmi á jókòó.”

Wọ́n ní òun ló máa yan èyí tó fẹ́. Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì kan pa mọ́ fún un ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni pé kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ náà, torí oró egbò náà ti ń gòkè, tó bá sì wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ́ la ó máa sọ mọ́. Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀.

Ọkọ mi kò mú bírò. Ó ní, “Ẹnì kẹta ti sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ yìí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, lójúkojú, kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.”

Obìnrin náà ní, “Dókítà wo nìyẹn?”

“Ọmọ ìyàwó mi ni.”

“Ṣé ó ti yẹ ẹsẹ̀ yín wò?”

“Ó rí fọ́tò.”

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé, mo bá a jà. Ìjà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa nìyẹn. Mo fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, mo ní, “Bàbá Fẹ́mi, ṣé ẹ̀mí yín ni ẹ fẹ́ fi bá ọmọdé fa wàhálà?”

Ó ní, “Mi ò bá a fa nǹkan kan. Gbogbo àwọn dókítà yòókù, wọ́n mọ̀ pé mò ń gbọ́. Òun nìkan ni kò mọ̀. Òun nìkan ló sọ bí ó ṣe rí nínú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí tó bá wo ojú mi. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gé e. Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Mo ní, “Bí kò bá wá ńkọ́?”

Ó ní kí n bá òun gbé tíì wá, kí n má fi ṣúgà sí i.

Ibi tí a wà nìyẹn, ọmọ mi. Mo wà nínú ayọ̀, mo sì wà nínú ẹ̀rù, àwọn méjèèjì ń jẹun nínú àwo kan náà. Láàárọ̀, tó bá ń pè mí láti yàrá pé, “Ìyàwó, ṣé o ti jí?”, ara mi á yá gágá bí ti ọmọge. Lẹ́yìn náà màá gbọ́ bí ó ṣe ń fa ẹsẹ̀ náà lọ sílé ìwẹ̀. Mi ò fẹ́ di opó lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà tó rẹ̀ ọ́. Ẹyin lohùn. Èyí tó ti bọ́ ti bọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó sọ ọ́ ṣì wà, a sì lè gbé e wá síbí.

Nítorí náà, gbọ́ bí mo ṣe fẹ́ kí o ṣe é.

Má pè é lórí fóònù láti tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti gbọ́ ohùn rẹ, ojú rẹ ló kù.

Má pe àwọn dókítà náà láti ẹ̀yìn wa pé dókítà bíi tiwọn ni ọ́, kí o wá máa bá wọn sọ èdè tí àwa ò gbọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ á máa yún ọ. Bí ó bá fẹ́ kí o bá wọn sọ̀rọ̀, òun ló máa sọ ọ́, níwájú rẹ̀ sì ni. Ìwọ kọ́ lo máa tọ́jú rẹ̀. Obìnrin onírun funfun yẹn ti fi ibi tí ọmọ dókítà ń jókòó sí hàn mí.

Bí o bá wọlé, kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe ń kí bàbá. Kò ní jẹ́ kí o pẹ́ nílẹ̀, aláwàdà ni. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tú aṣọ ẹsẹ̀ náà. Má tú u fún un. Wo ẹsẹ̀ náà bí ó ṣe yẹ kí dókítà wò ó, kí o sì wo ojú rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí ọmọ wò ó. Lẹ́yìn náà, bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì bi í: kí ló ń bà á lẹ́rù jù? Èmi rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, Àníkẹ́. Òun ló fi ń tẹ bírékì. Mi ò rò pé ikú ló ń bà á lẹ́rù tó ọjọ́ tí kò ní lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń rò bẹ́ẹ̀. Òun ni kó sọ ọ́.

Tó bá sọ tán, kí o wá sọ tìrẹ. Má ṣe dín in kù nítorí tèmi. Bí o bá ti rí i tán tí o sì gbà pé gígé ló dára jù, sọ fún un pé gígé ni, kí o sọ ìdí rẹ̀ fún un ní Yorùbá tó ṣe kedere. Bí o bá rò pé ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, sọ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Mi ò ní bínú sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí n kò ní lè gbà ni kí o jókòó sí Kimberley nítorí ìtìjú, kí Mọ́ńdè sì kọjá lórí ìwé tí kò ní ọwọ́.

Sọ fún ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ pé bàbá rẹ fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Irọ́ kọ́. Bí ó bá ti ẹnu rẹ jáde tí ó ṣàjèjì, tún un sọ títí yóò fi mọ́ ọ lẹ́nu.

Kúnlé ni yóò lọ pàdé rẹ níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Mo ń kọ̀wé tiẹ̀ lọ́wọ́, ìwé kúkúrú ni, o mọ̀ pé kò ní sùúrù. Fẹ́mi, ọmọ ọkọ mi, tí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé jẹ́ ará Soweto, ń bọ̀ láti Durban. Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, nítorí náà ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Mo ti ra ìrẹsì, mo ti rán kọ́tìnì tuntun sí yàrá tí o máa sùn. Màá wọ aṣọ búlúù yẹn kí ẹ lè rí bí mo ṣe rí lọ́jọ́ tí mo lọ́kọ. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ mí níyà pé mo fi pamọ́, ẹ jẹ mí níyà nídìí oúnjẹ, gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì a ó jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní Mọ́ńdè a ó jọ gbé e lọ sí ọsibítù, pẹ̀lú ìwé tó ti ní ọwọ́ nínú, bí Ọlọ́run bá gbọ́ tiwa.

Ẹ má pín ọjọ́ náà láàárín ara yín, kí ẹnì kan má sọ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìwọ, Kúnlé, Fẹ́mi, gbogbo yín pátá, inú ilé yìí ni mo fẹ́ rí yín kí oòrùn tó wọ̀, ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ.

Ìyá rẹ, ìyàwó tuntun.